Mo ti gba ìwé ìrìnnà tuntun: ṣé ESTA tí mo fi ìwé àtijọ́ gbà ṣì lè gbé mi dé Houston?

Ìyá Woolwich:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará wa. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì fẹ́ gbéra lọ sí Houston fún ìgbéyàwó àbúrò mi, ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ni a ó sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lò, nítorí náà a kì í gba físà. ESTA, àṣẹ ìrìnàjò tí Amẹ́ríkà ń fúnni lórí ayélujára, ni a máa ń gbà. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni a gba èyí tó wà lọ́wọ́ wa, nígbà tí owó rẹ̀ ṣì jẹ́ dọ́là 21 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìméèlì tèmi sì sọ pé ó di oṣù Kẹta ọdún 2026 kí ó tó parí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, mo gba ìwé ìrìnnà tuntun kí orúkọ ọkọ mi lè wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí àtijọ́ ṣì ní ọdún mẹ́ta nílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé àbíkẹ́yìn wa yóò parí ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní, ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí a bá padà dé. Ọkọ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé oṣù Kẹta ni wọ́n kọ síbẹ̀, oṣù Kẹta náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti rin irú ìrìn yìí, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Leeds:

Ìyá, ẹ má gbọ́kàn lé ìméèlì yẹn. ESTA tiyín ti kú láti ọjọ́ tí ẹ ti pààrọ̀ ìwé. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó kọ̀wé sí yín láti túfọ̀ rẹ̀ ni.

Orí ìwé ni àṣẹ náà jókòó sí, kì í ṣe orí ènìyàn. Nígbà tí ẹ bá dé kántà ní pápákọ̀ òfuurufú, tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gba ìwé yín tó sì fi ẹ̀rọ kà á, nọ́ńbà ìwé náà, orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín àti orílẹ̀-èdè yín ni ẹ̀rọ wọn ń fi ránṣẹ́ sí àjọ CBP tó ń ṣọ́ ibodè Amẹ́ríkà, láti ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìdáhùn ti ń padà wá, bóyá kí wọ́n tẹ ìwé ìwọkọ̀ fún yín tàbí kí wọ́n dá a dúró. Nọ́ńbà tuntun tiyín kò ní àṣẹ kankan lẹ́yìn. Ẹ ìbáà mú ìwé àtijọ́ dání, kí ẹ sì tẹ ìméèlì náà sórí pépà tó dára jù lọ́jà, kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ yẹn lè fi ṣe, nítorí kì í ṣe ojú rẹ̀ ló ń yẹ àṣẹ wò, ẹ̀rọ ni.

Ọdún méjì ni wọ́n ń kà fún ESTA, tàbí ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà bá parí, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Àmọ́ kí ọdún méjì náà tó pé, bí ènìyàn bá gba ìwé tuntun, tó yí orúkọ padà, tó di ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, tí wọ́n yí akọ tàbí abo tó wà nínú ìwé rẹ̀ padà, tàbí tí ìdáhùn rẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò bá rí bí ó ti rí mọ́, ó di dandan kó tún un gbà. Ẹ kíyè sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa, nítorí ó ń mú àwọn ènìyàn wa. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kọ̀ láti fún ní físà Amẹ́ríkà lẹ́yìn tó ti ní ESTA, ìdáhùn rẹ̀ ti yí padà nìyẹn, torí pé ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà ni bóyá wọ́n ti kọ físà fún un rí, yálà pẹ̀lú ìwé tó ń lò báyìí tàbí pẹ̀lú èyí tó ti lò sẹ́yìn. Àwọn kan rò pé físà tí wọ́n kọ̀ fún wọn ní Èkó ní ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń lo ìwé Nàìjíríà, kò kan ìwé Ìlú Ọba tí wọ́n ní báyìí. Ó kàn án. Kí ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ sàn ju kí wọ́n fúnra wọn rí i, nítorí àkọsílẹ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn.

Bí ó bá jẹ́ àdírẹ́sì tí ẹ ó dé sí ní Houston, nọ́ńbà fóònù tàbí ìméèlì ló yí padà, ẹ lè tún un ṣe lórí ìkànnì wọn láìsan kọ́bọ̀. Ẹ kò ní tìtorí ìyẹn gba òmíràn.

Ìyá Woolwich:

Háà! Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n tètè pààrọ̀ ìwé ọmọ náà kí a tó lọ, kí n lè ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Ẹ̀gbọ́n Leeds:

Rárá o, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà kò béèrè oṣù mẹ́fà lórí ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba. Àdéhùn wà láàárín wọn pé kí ìwé náà ṣáà ti ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí ẹ ó kúrò. Ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ni ìwé ọmọ náà parí, ọjọ́ 4 lẹ ó ti padà, ESTA rẹ̀ náà sì wà títí di ọjọ́ 20 yẹn, kódà bí tiyín ṣe sọ pé oṣù Kẹta. Bí ẹ bá pààrọ̀ ìwé rẹ̀ nísinsìnyí, ẹ ó pa ESTA tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ó san owó tuntun, ẹ ó sì máa retí ìwé tó lè pẹ́ kí ó tó dé ní àkókò tí gbogbo ayé ń rìnrìn àjò. Ẹ padà dé ná, kí ẹ tó tún un ṣe.

Ìdí tí ìwé ọmọ fi máa ń ṣáájú parí ni pé ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fún àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16, ọdún mẹ́wàá sì ni ti àgbàlagbà. Bí ìdílé kan bá gba ESTA lọ́jọ́ kan náà, kò dájú pé ọjọ́ kan náà ni yóò parí fún gbogbo wọn. Lórí ìkànnì náà, àyè wà láti wo ipò ESTA tí a ti gbà. Ẹ fi nọ́ńbà ìwé ìrìnnà àti ọjọ́ ìbí ẹnì kọ̀ọ̀kan wò ó, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bá rí síbi kan. Ẹ má fi ti ọ̀kan mọ ti èkejì.

Aya Pásítọ̀, Peckham:

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí kún un. Ní ọdún 2023, àbúrò mi obìnrin ń lọ sí Atlanta. Ó wá ESTA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ ìkànnì tó kọ́kọ́ jáde, ó kún fún àsíá Amẹ́ríkà, ó sì san owó tó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Alágbàtà ni wọ́n. Àwọn ló bá a kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n sì kọ 1 níbi tí ó yẹ kí wọ́n kọ 7 nínú nọ́ńbà ìwé rẹ̀. Ìwé àṣẹ dé, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, inú wa dùn. Ní kántà, wọ́n ní kò sí àṣẹ. Ó fi ìwé hàn wọ́n, wọ́n fi nọ́ńbà hàn án. Orí fóònù ló ti jókòó sílẹ̀ lórí àpótí rẹ̀ láti gba tuntun, wọ́n sì fọwọ́ sí i láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti kántà náà pa. Ọjọ́ kejì ló tó rí ọkọ̀ wọ̀, ó sì fi owó kún un.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń bá ẹnikẹ́ni kọ ọ́, mi ò wo ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí lókè ojú ewé nìkan. Mo máa ń wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ àwòrán, èyí tó kún fún àmì bí orí ọfà, nítorí ìlà yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Bí orúkọ ṣe wà níbẹ̀ ni kí ẹ ṣe kọ ọ́, láìsí àmì ohùn, láìsí ẹ̀sẹ̀ abẹ́ lẹ́tà, kí orúkọ ìdílé wà ní àyè tirẹ̀. Òmíràn tún ni àwọn ìwé tí lẹ́tà wà nínú nọ́ńbà wọn: ẹ ṣọ́ra kí ẹ má kọ lẹ́tà O níbi tí òdo wà. Àṣìṣe nínú nọ́ńbà ìwé kò ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tí a bá ti sanwó. Tuntun ni ènìyàn yóò gbà.

Ìkànnì ìjọba fúnra rẹ̀ ni esta.cbp.dhs.gov. Bí ìparí àdírẹ́sì náà kò bá jẹ́ .gov, ẹ sá kúrò níbẹ̀. Owó wọn ti gòkè láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó kúrò ní dọ́là 21, ó di 40, nítorí náà ẹ̀san àṣìṣe ti wọ́n ju ti ìgbà tiwa lọ.

Ọmọ Awo, Birmingham:

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ nínú wa gbọ́dọ̀ gbọ́. Ní ọdún 2022, mo lọ sí Havana àti Matanzas ní Kúbà láti kí àwọn olórìṣà tí àwọn fúnra wọn ń pe ìdílé wọn ní Lukumí, tí wọ́n ṣì ń kí Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ní ohùn tí eruku ilé wa wà lára rẹ̀. ESTA mi ṣì ku oṣù mẹ́wàá nígbà tí mo padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìméèlì kan dé pé nǹkan ti yí padà. Nígbà tí mo wo ipò rẹ̀, wọ́n ti fagi lé e.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni Amẹ́ríkà dá Kúbà padà sínú àkójọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń ti àwọn apániláyà lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ ilẹ̀ Kúbà láti ọjọ́ yẹn, ìbáà jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba, ìbáà jẹ́ ọmọ Jámánì, kò lè lo ESTA mọ́. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú fún ẹni tó bá lọ sí Ìráànì, Ìráàkì, Síríà, Sùdáànì, Líbíà, Sòmálíà, Yẹ́mẹ́nì tàbí Kòríà Àríwá láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2011. Wọn kò béèrè bóyá òrìṣà ni ẹ lọ bọ tàbí etíkun ni ẹ lọ jókòó sí.

Kì í ṣe pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ni o. Físà ni wọ́n ní kí irú wa máa gbà. Mo kọ fọ́ọ̀mù DS-160, mo san dọ́là 185, mo dúró fún oṣù mélòó kan kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mi tó pé ní ilé iṣẹ́ aṣojú wọn ní Nine Elms, wọ́n sì fún mi ní ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní ìrìnàjò méjèèjì lọ́kàn, kó kọ́kọ́ ro èyí kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Havana. Ní ti jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà pọ̀ mọ́ ọmọ Ìlú Ọba, kò pa ẹnikẹ́ni lára nínú ọ̀rọ̀ ESTA, àmọ́ wọ́n béèrè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Àbúrò Bristol:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, mo gbọ́ pé bí ESTA bá parí nígbà tí ènìyàn ṣì wà ní Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ìwé rẹ̀ fẹ́ parí yẹn wà nínú ewu bí ọkọ̀ wọn bá falẹ̀.

Bàbá Houston:

Kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. ESTA wà fún wíwọlé. Bí ó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ wọlé, ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ọjọ́ 90 tí òṣìṣẹ́ ibodè fún yín ni ẹ ó máa kà. Ìwé ìrìnnà ọmọ náà ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́, kí ó má baà parí kí ẹ tó kúrò, ọ̀sẹ̀ méjì sì wà láàárín.

Ọjọ́ 90 yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Kò ṣeé fà gùn, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀, ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ àtiwọlé láìsí físà, bí ESTA rẹ̀ tilẹ̀ ku ọdún kan àti ààbọ̀. Àwọn kan ń dá ọgbọ́n pé àwọn ó sáré lọ sí Mẹ́síkò fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀kan. Àkókò tí ẹ bá lò ní Mẹ́síkò, ní Kánádà tàbí ní àwọn erékùṣù Karibíánì tó wà nítòsí wà nínú 90 náà. Ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó níbí kà á dé 88, ó sì di ẹrù rẹ̀.

Ó tún yẹ kí n sọ pé ẹni tó kàn ń gba Miami tàbí New York kọjá lọ sí Salvador ní Bràsíl náà nílò ESTA, nítorí Amẹ́ríkà kò ní àyè tí èrò ti lè pààrọ̀ ọkọ̀ láìkọ́kọ́ gba ibodè wọn kọjá.

Ọmọ Abẹ́òkúta, Maryland:

Tiwa níhìn-ín ni òdìkejì rẹ̀, nítorí àwa tí a ní ìwé Amẹ́ríkà ni Ìlú Ọba ń béèrè ETA, àṣẹ ìrìnàjò tirẹ̀ tó dà bí ESTA, lọ́wọ́ wa báyìí. Ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ó bẹ̀rẹ̀ fún wa. Pọ́n-ùn 10 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó di 16 ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún kan náà. Ọdún méjì ni tàbí òpin ìwé ìrìnnà, bíi ti ESTA, ìwé tuntun sì túmọ̀ sí ETA tuntun. Ọmọ ọwọ́ pàápàá nílò tirẹ̀. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ọkọ̀ ní Heathrow lọ sí Èkó tí kò sì gba ibodè kọjá kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ jáde lọ jẹ ẹ̀bà nílé ẹ̀gbọ́n yín ní Peckham fún alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ nílò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ ni ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba tí wọ́n sì dàgbà sí Amẹ́ríkà. Ọmọ Ìlú Ọba kò lè gba ETA, nítorí wọn kì í fún onílé ní àṣẹ àlejò. Ọ̀pọ̀ wọn ti jẹ́ kí ìwé Ìlú Ọba wọn kú láti ogún ọdún, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń rìn. Ìjọba ti kéde pé láti ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2026, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò ní gbé ẹni tí kò ní àṣẹ mọ́, nítorí náà kí irú wọn tètè gba ìwé Ìlú Ọba tuntun, tàbí ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ àtigbé Ìlú Ọba tí owó rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 589 ní ọdún 2025. Iye owó ìwé ìrìnnà kò tó ìyẹn rárá.

Ọmọ Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajẹ́ńtì kan ní Dùgbẹ̀ ní òun lè bá mi gba ETA Ìlú Ọba láìsí wàhálà físà, pé ọjọ́ mẹ́ta ni. Ìwé Nàìjíríà ni mo ní. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Leeds:

Irọ́ pátápátá ni, àbúrò. Ẹ gba owó yín padà bí ẹ bá ti san. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ETA Ìlú Ọba wà fún, kò sí lára ti ESTA, kò sì sí lára ti eTA Kánádà. Físà ni ọ̀nà yín sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, Manchester:

Kí àwa tí a ń gbé níhìn-ín pẹ̀lú ìwé Nàìjíríà má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Káàdì BRP tí a fi ń fi ẹ̀tọ́ ìgbé wa hàn ti parí iṣẹ́ láti òpin ọdún 2024, eVisa, àkọsílẹ̀ orí ayélujára tó wà nínú àkáǹtì UKVI, ẹ̀ka físà ìjọba Ìlú Ọba, ló rọ́pò rẹ̀, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà ni wọ́n sì so òun náà mọ́. Bí ẹ bá gba ìwé Nàìjíríà tuntun, ẹ wọ inú àkáǹtì náà, ẹ fi nọ́ńbà tuntun sí i kí ẹ tó lọ sílé fún Kérésìmesì. Ọ̀rẹ́ mi kan gbàgbé, wọ́n sì dá a dúró ní Èkó fún wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó rí àṣẹ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Mo tún máa ń gba kóòdù àfihàn, èyí tí ẹlòmíràn lè fi wo ẹ̀tọ́ mi lórí ayélujára, sílẹ̀ kí n tó gbéra, torí ọjọ́ 90 ló fi ń ṣiṣẹ́.

Bọ̀dá Toronto:

Díẹ̀ ni mo ní láti fi kún un. Ti Kánádà rọrùn lápò: dọ́là Kánádà 7, ọdún márùn-ún tàbí òpin ìwé ìrìnnà. Gígùn rẹ̀ yẹn gan-an ló ń tan àwọn èèyàn mi láti Lọ́ńdọ̀nù jẹ, nítorí láàárín ọdún márùn-ún, wọ́n á ti pààrọ̀ ìwé, wọ́n á sì ti gbàgbé pé àwọn pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá Woolwich:

Mo padà wá jíṣẹ́, ẹ̀yin ará mi. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo wọ ìkànnì tí Aya Pásítọ̀ kọ síbí, mo ya àwòrán ojú ewé ìwé mi, mo ka nọ́ńbà náà sókè fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo san dọ́là 40. Nígbà tí mo jí, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ti ọkọ mi àti ti àkọ́bí wa wà títí di oṣù Kẹta lóòótọ́. Ti àbíkẹ́yìn wa, ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ló wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Leeds ṣe wí, a ò sì fọwọ́ kan ìwé rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń wo gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí i pé orúkọ bàbá mi ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí oṣù Kẹrin ni mo rà á, kí ìwé tuntun tó dé. Mo pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, mo fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì tún orúkọ náà ṣe lọ́jọ́ kejì. Ọkọ mi ní kí n kí yín, pé òun kò ní sọ̀rọ̀ oṣù Kẹta mọ́. Aṣọ ẹbí nìkan ló kù tí télọ̀ ò tíì rán tán.